Ìwé Ìwọ̀n Oògùn tí Àbúrò Mi Gé Bí Búrẹ́dì

Èmi, apòògùn àgbà tí gbogbo yín ń pè ní Màmá Ìwọ̀n, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò láàárọ̀ yìí, èmi náà sì yẹ dókítà wò. Lọ́yà mi ni kí ó rí i pé gbogbo ohun tí mo kọ di ṣíṣe.

1. Ilé mi di ti ọmọbìnrin mi. Kí ó tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ẹnu ni ọkọ rẹ̀ ti fi tún un ṣe nígbà mẹ́fà, síbẹ̀ ó ń jò.

2. Ológbò mi àti òṣùwọ̀n onídẹ mi di ti ọmọ-ọmọ mi obìnrin. Nínú ilé yìí, àwọn méjèèjì nìkan ni kò purọ́ fún mi rí.

3. Àbúrò mi ọkùnrin, Kíá-Kíá, ń retí ìwé ìwọ̀n oògùn tí mo fi ọdún mọ́kànlá kọ sórí kọ̀ǹpútà. Kò ní í gbà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí òun kò ní í ṣàlàyé.

Ìwé náà wúwo ju ohun tí ímeèlì lè gbé lọ. Mo ní kí ó pín in sí fáìlì kéékèèké, kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Mo kọ́ ọ pé ibi tí orí kan bá parí sí ni kí ó ti gé e, kí ó sì kọ ọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan pé “ìkẹta nínú mẹ́jọ”, kí ẹni tó gbà á lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìwé náà ni, ẹ jẹ́ n gé e bí búrẹ́dì.” Ó gé e ní àádọ́ta-àádọ́ta ojú ìwé, kò kọ nọ́ńbà kankan. Àtẹ ìwọ̀n oògùn gìrì wà ní ojú ìwé 300, ìparí fáìlì kẹfà. Ìkìlọ̀ rẹ̀ bọ́ sí 301: “Ìdajì ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.” Fáìlì kẹfà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìkeje kò lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó fún ọmọ oṣù méje ní ìwọ̀n kíkún. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ náà fi sùn kó tó lajú. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Kíá-Kíá jókòó ní pálọ̀ mi, ó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó ní, “Àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí ò mọ̀wé.”

Mo rí fáìlì keje lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí kò ti kúrò. Mo dákẹ́, nítorí ọmú kan náà la jọ mu. Ẹ má pe èyí ní ìfẹ́. Ìwà ojo ni.

4. Nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fi ìwé náà sílẹ̀ fún, lódindi, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀.

5. Kí lọ́yà mi ka ìpín kẹta ìwé yìí sétí ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, kí nọ́ọ̀sì àti ìyá ọmọ wà níbẹ̀. Ogún Kíá-Kíá ni àga kan láàárín àwọn obìnrin méjèèjì. Kí wọ́n gbé àga mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Tèmi ni.

Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2024.

Màmá Ìwọ̀n

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ayàwòrán-ilé tó ń gbé yàrá òkè
Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé, ẹni tó fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìkà á, tí mo sì dá padà kí ó kọ́kọ́ kà á