Fèrè Tí Mo Fọn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibojì Aya Mi

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyá ìyàwó mi ò ní rédíò, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò wọn ní.

Aya mi kú nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ká ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Volga àtijọ́, irú èyí tí wọ́n fi gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí funfun kan rà ní ìlú Osh. Èmi àti àbúrò aya mi ọkùnrin, ká pè é ní Ermek, la jọ ń gbé e bọ̀ wálé ní Talas, ìlú wa.

Ermek ní, “Bọ̀dá, èéfín ọkọ̀ yín ju ti ààrò ìyá mi lọ!” A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tá a sún mọ́ ilé, mo ń kọrin, mo sì ń fọn fèrè ọkọ̀. Lójijì, Ermek fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú rẹ̀ wálẹ̀, bí a ti máa ń ṣe tá a bá ń kọjá lára ibojì. Ibi tí aya mi sùn sí ni mo sáré kọjá yẹn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè yí ọkọ̀ padà.

Nílé, ìyá ìyàwó mi fọ́n súwíìtì sórí ọkọ̀, bí a ti máa ń fi súre fún ohun tuntun. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o dúró níbi ibojì rẹ̀ fi hàn án?”

Mo ní, “A dúró, Ìyá.”

Ermek wolẹ̀. Ìyá ń sunkún, wọ́n ń súre fún mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Ìyá, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bẹ ọmọ wọn níbi ibojì rẹ̀?

Aya mi, bí o bá gbọ́ fèrè lọ́jọ́ náà, èmi ni. Mo ti rà á.