Ojú Òsì Achuthan

Èmi, Thankam, ọmọ Kunjan tó ń kun ojú òṣèré, aya Achuthan oníjó, olùgbé Thekkinkara létí odò Nila, ni mo sọ ìwé yìí kalẹ̀. Orí mi pé, ọpọlọ mi sì jí pépé. Bí mo bá ń lálàá lójú ọ̀sán, àlá náà ló dùn mọ́ mi. Sivan ọmọkùnrin mi, Hema ọmọbìnrin mi, ẹ gbọ́. Govindankutty agbẹjọ́rò ni kó mú un ṣẹ.

1. Ilé jẹ́ ti Hema, bí baba rẹ̀ yóò bá máa gbé yàrá tó kọjú sódò títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e lọ sílé ìtọ́jú arúgbó, ilé di ti tẹ́ḿpìlì.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Achuthan, ẹyinjú òsì nìkan ló ń mì lójú rẹ̀. Sivan ní, "Màámi, ère lẹ ń tọ́jú. Bàbá ò mọ̀ yín mọ́." Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ? Ọjọ́ tí mo mọ baba rẹ, mo ń lẹ ìrẹsì lílọ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́ fún ijó ni. Ẹni tí a ń kùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kí ìrẹsì náà má baà sán. Ẹyinjú ló fi kọ ẹnu ìfẹ́ sí mi.

2. Màlúù dúdú jẹ́ ti Ammini, àbúrò ọkọ mi. Ó ti ń fún wàrà rẹ̀ láìtọrọ tipẹ́, kó kúkú mú un lọ.

Òun ló máa ń sọ fún mi pé, "Orí ìtàgé ni ẹ̀gbọ́n mi ń ná ìfẹ́ wọn tán sí. Omi ìrẹsì lásán ni wọ́n wá ń mu lọ́dọ̀ yín!" Ó dùn mí wọra. Baba mi ló là mí lóye. Àwọn àgbà ìtàgé wa gbà pé ìfẹ́ ni onílé nínú ọkàn. Owú àti ìfòyà, àlejò ni wọ́n. Wọ́n tún ní òṣèré ló ń sè é, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tó ń wò ó ni í tọ́ adùn rẹ̀ wò. Ojoojúmọ́ ni mo ṣì ń tọ́ ọ wò.

3. Àwo ìkunra àti dígí baba mi jẹ́ ti Sivan. Kó wo ojú ara rẹ̀ dáadáa kó tó tún pe ẹnikẹ́ni ní ère.

4. Bí mo bá kú, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu sọ fún Achuthan. Ilé méjì ni ìfẹ́ ní lórí ìtàgé wa, ìpàdé àti ìyapa, ọwọ́ la sì fi ń sọ ọ́. Kí Hema tan fìtílà, kó jókòó níwájú baba rẹ̀, kó fi ọwọ́ ṣe àmì ìyapa. Yóò mọ̀. Kí Sivan jókòó tì wọ́n, kó máa wo ẹyinjú òsì náà. Ohun tó bá yọ níbẹ̀, èmi ló ni ín. N kò pín in fún ẹnikẹ́ni.

Ọwọ́ mi rèé: Thankam.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá, ọdún 2011.
Ẹlẹ́rìí: Kunjikkavu, aládùúgbò, àti Raghava Poduval, onílù.