Tírígà Oníbátìrì àti Ìdọ̀bálẹ̀ Alameen

                                        Ilé 14, Òpópónà Ọlọ́runfúnmi,
                                        Àjàó Estate,
                                        Ìsọlọ̀, Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 2025.

Kẹ́milọ́lá, ọ̀rẹ́ mi,

"Ẹ má bínú, Àlàájà. Ọmọlará ló tún ìbọn yẹn ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé iṣẹ́ yìí ju ọwọ́ rẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ tí o sọ nìyẹn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì Iléyá, níwájú Àlàájà Àrìnkẹ́ tó ni ilẹ̀ tí èmi àti ìwọ ti ń gba àlejò fún eré ìbọn ọ̀dà ní Èjìgbò, àti níwájú gbogbo àlejò tó wà níbẹ̀. Bí o ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Ayọ̀bámi wà? Ayọ̀bámi ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Mo gbọ́ pé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Mo bá wọn yọ̀, mo sì gbàdúrà pé kí ó fúyẹ́ pátápátá. Ara èmi náà le. Ẹran Iléyá tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì dé ọwọ́ mi. Ó dùn. Mo dúpẹ́.

N kò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí pé bí mo bá pè ọ́, ìwọ yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò sì tán láìtán.

O mọ̀ pé oríṣi ìbọn méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Hóró ọ̀dà kan náà, tó ń fọ́ sára ẹni tó bá bà, ni méjèèjì ń yìn, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tì í jáde. Ibi tírígà, níbi tí ìka ń fà, ni wọ́n ti yàtọ̀. Sípíríǹgì ló wà nídìí tírígà ti àkọ́kọ́: ó le, ìka gbọ́dọ̀ fà á dé ìparí kí hóró kan tó jáde. Bátìrì ni èkejì ń lò: bí ìka bá ti kàn án bí ẹni tó ń tẹ fóònù, ó ti yìn, bí ìka bá sì ń gbọ̀n, yóò máa yìn léraléra. Kí a tó ṣí pápá yẹn, mo so ọ̀rá omi mọ́ tírígà méjèèjì lójú rẹ. Onísípíríǹgì gbé ọ̀rá omi méjì, kò yìn. Oníbátìrì kò lè gbé ìdajì ọ̀rá kan. O bú sẹ́rìn-ín, o ní, "Ọmọlará, ìwọ àti sípíríǹgì rẹ, bí ẹni ń fa omi kànga! Ta ló máa wá ṣeré tí ìka á máa ro ó di ọjọ́ kejì?"

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú àwàdà yẹn. N kò kórìíra bátìrì. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní Pólì, orí àga kan náà ni a sì jọ jókòó. Ní ọwọ́ ẹni tó ti mọ eré náà, oníbátìrì ló dára jù: ó yá, kì í sì í dá ìka lágara. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ṣe ìbọn yẹn kò ronú kan ìlú tí ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ bí àgbà bá ti yọjú. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe àdéhùn pé onísípíríǹgì nìkan ni a ó máa fún àlejò. O gbà bẹ́ẹ̀.

Alameen tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú kò fọwọ́ kan ìbọn ọ̀dà rí títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà. Ìwọ lo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ìwọ lo gbé oníbátìrì lé e lọ́wọ́, nítorí pé ó fẹ́ kó máa dún tatata nínú fídíò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ká. Ó ti tàn án, ó ti yọ ìdérí ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de fèrè, ni Àlàájà bá wọlé nínú léèsì funfun láti kí wa kú ọdún.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Alameen. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í sì í dúró de ìrònú. Ó nà gbalaja tòun ti ìbọn, ìka rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Kó tó sọ pé "Ẹ kú ọdún, mà," ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn ti kun etí aṣọ Àlàájà. Ṣàmsúdéènì rẹfirí, tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ jù, fọn fèrè, ó kígbe bó ṣe ń kígbe sí òṣèré tí ọ̀dà bá bà pé, "Ó ti bà yín o, Àlàájà! Ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ jáde!" Àlàájà gbé ọwọ́ sókè lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n rí ara wọn bẹ́ẹ̀ ni ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Alameen, ṣé kíkí rèé àbí ogun? Ta ló ń tọ́jú àwọn ìbọn yìí gan-an?"

Ìwọ lo dá wọn lóhùn.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Àlàájà, nítorí pé àgbà ni wọ́n, aṣọ ọdún wọn sì ti bàjẹ́. Ìkúnlẹ̀ mi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Òun náà mọ̀ pé òun jẹ̀bi." Wọ́n wá pàṣẹ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn kankan mọ́ lórí ilẹ̀ àwọn. Ìwọ ń gbọ́. O ń fi hánkáṣífù nu aṣọ wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìwọ lo mọ èyí tí tìrẹ yọ.

Kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà. Bí wọ́n ṣe ṣe é pé kó máa yìn ló ṣe yìn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ìjọba fi ṣe ìsinmi, ẹgbẹ́ akọrin láti Apakun ń bọ̀ wá ṣeré. Kò sí ẹni tó mọ ìbọn nínú wọn, àwọn àgbà ìjọ wọn yóò sì wá wòran láìwọ awò ààbò ojú. Etí aṣọ ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ojú kì í ṣe aṣọ.

N kò ní kí o bẹ̀ mí. Lọ bá Àlàájà. Sọ fún wọn irú tírígà tí o gbé fún Alameen, sọ àdéhùn tó wà láàárín wa, kí o sì gba orúkọ mi padà lọ́wọ́ wọn bí o ṣe fi lé wọn lọ́wọ́. Kí onísípíríǹgì nìkan sì wà lọ́wọ́ àwọn akọrin. Bí o kò bá lọ, èmi yóò lọ fúnra mi, ọ̀rọ̀ yóò sì kúrò ní ti ọ̀rẹ́ méjì.

Bá mi kí Bàbá Ayọ̀bámi. Bá mi gbé Ayọ̀bámi mọ́ra. Sọ fún Màmá pé n kò gbàgbé òróró orúnkún tí mo ṣèlérí. Èmi fúnra mi ni yóò gbé e wá, ohunkóhun tó wù kí èsì rẹ jẹ́.

Kọ èsì náà sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kó dé ọwọ́ mi kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

                                        Èmi ni, ẹni tí a jọ kàwé,
                                        Ọmọlará.