Orí Igi Ni Ẹ̀rọ Wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò wa. Ṣé ara ìyàwó wa àti tàwọn ọmọ le? Orúnkún Màmá ti ń san. Ẹnu wọn nìkan ni kò sinmi.

Àyà mi ń já. Níbi iṣẹ́, àwòrán sátẹ́láìtì la fi ń wọn gíga ilẹ̀ erékùṣù yín. Igbó ẹ̀yìn ilé yín, tí wọ́n ní kí ẹ sá lọ bí òkun bá ya wọ̀lú, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ga rárá. Orí igi ni ẹ̀rọ wọ̀n, àwa sì pè é ní ilẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n fara balẹ̀. Ṣé òkun máa dúró de ọ̀gá ni?

Ẹ dákun, ẹ kó àwọn ọmọ wá kí ìjì tó bẹ̀rẹ̀. Olúwa á ṣọ́ yín. Màmá ṣì ń fi yangàn ládùúgbò: "Ibi gíga lọmọ mi ń gbé."

Àbúrò yín