Agboòrùn Tó Dorí Kodò

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
A ti rí ilé. Yàrá méjì, ìsàlẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn kankan. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń gbé yìí, Aláàṣẹ, ìyàwó mi, kò lè gùn ún mọ́ láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún. Mo sáré lọ sọ fún un nílé Àkọ́bí wa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ilé yín nìyẹn. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀." Ó yí ojú sí ògiri. Ìyàwó tó ti ń fi "ẹ jọ̀ọ́" pàṣẹ fún mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, kò pàṣẹ kankan lónìí.

Ọjọ́rú, 4
Mo ti rí ẹni tó mọ̀. Ó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, nínú kòtò sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi — Alágboòrùn, koríko inú omi. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ewé tàn yíká lórí rẹ̀ bí agboòrùn tí wọ́n ṣí. Aláàṣẹ ló gbìn ín. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Tó bá pàdé rẹ̀ nílé tuntun, á mọ ẹnì kan.
Mo fẹ́ hú u. Gbòǹgbò ti so mọ́ sìmẹ́ńtì, kò mira. Onílé yọjú láti òkè, ó ní tí mo bá fọ́ kòtò òun, èmi ni màá mọ òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo gé ọ̀pá mẹ́fà. Télọ̀ ni mí, mi ò lè rí ohun tó rí wúruwùru kí n má gé e. Mo bẹ́ gbogbo orí ewé yẹn dànù bí ẹni gé òwú tó yọ lára aṣọ, mo ki ìdí bọ inú ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ó mọ́ níwọ̀n. Mo yin ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10
Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Omi ń rùn. Oníbàárà tó wá wọn bùbá béèrè bóyá eku ló kú sí ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo ọ̀pá náà ti rà. Mo dà wọ́n nù. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí — àgbà ọkùnrin, lórí koríko. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọjá koríko. Ẹ̀rù ń bà mí pé Aláàṣẹ yóò wọlé tuntun bí àlejò, kò sì ní kúrò lálejò.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Àkọ́bí pè. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá rẹ̀ máa fi ọwọ́ ọ̀tún mú nǹkan, kò gbà. "Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Ta ni mí? Ṣé èmi ni mò ń pàṣẹ nínú ilé náà ni?

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ìjì jà lánàá. Mo lọ gbá ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀. Alágboòrùn kan wà tó ti ṣẹ́ tipẹ́, mi ò kọbi ara sí i — orí rẹ̀ dorí kodò sínú omi kòtò. Mo fà á kí n lè jù ú nù. Mo yí i wò. Gbòǹgbò. Funfun, tín-ín-rín, láti àárín agboòrùn gan-an, níbi tí gbogbo ewé ti pàdé. Ọmọ ewé tuntun sì ti ń yọrí.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù. Orí ló ń hù, kì í ṣe ìdí! Orí tí mo bẹ́ dànù! Mo da omi nù tán, mo wá ń ké òùngbẹ.
Mo gé orí mẹ́jọ, mo fi ọ̀pá díẹ̀ sílẹ̀ lára wọn, mo dojú wọn dé sínú abọ́ omi tó fẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́. Ó rí bíi ti wèrè. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Mẹ́rin ti yọ gbòǹgbò. Mò ń yọjú wò wọ́n bí abiyamọ. Oníbàárà ní bùbá òun ńkọ́. Mo ní ó ku ọwọ́. Irọ́ ni, mi ò tíì gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31
A kó lọ sílé tuntun. Mo gbé abọ́ mọ́ àyà nínú ọkọ̀. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹja ni?" Mo ní ìyàwó mi ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹrin
Aláàṣẹ dé. Àkọ́bí dì í mú wọlé. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ. Mo fi yàrá hàn án, ó ní "ẹ kú iṣẹ́." Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì.
Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí abọ́. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ta ló kọ́ mi pé kí n dojú ẹ̀ dé. Mo ní ìjì ni. Ó bú sẹ́rìn-ín — ẹ̀rín tó wọ́ sápá kan, tí mi ò gbọ́ láti ìgbà àìsàn. Ó ní ewé yẹn ti gùn jù, wọn ò ní í ráyè hù, kí n fún òun ní sísọ́ọ̀sì. Mo fún un ní èyí tí mo fi ń gé aṣọ, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rí.
Ọwọ́ òsì ló fi mú sísọ́ọ̀sì. Ta ló máa wá di orí ewé mú? Mo na ọwọ́. Ó ní kí n kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó di ewé mú. Àkọ́bí fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Aláàṣẹ gé wọn kúrú tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ìkankan já bọ́.
Ó wò yíká yàrá. Ó ní, "Ibi tí ẹ gbé e sí ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé mi."
Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé rẹ̀.