Bàbá, Ẹ Má Tíì Ta Ẹ̀rọ Ìlọta

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ajah níbí. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ sọ fún wọn pé gàrí wọn ni mò ń mu bí òjò bá ti dá mi dúró sílé, tí àárò yín sì ń sọ mí.

Ìyá ló sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ fẹ́ ta ẹ̀rọ ìlọta, nítorí láti ọjọ́ tí irin tí ẹ fi ń yí i ti ta padà, tó ṣẹ́ yín lápá ọ̀tún, apá náà ò lè yí i mọ́. Mo sunkún. Ẹ̀rọ yẹn ló rán mi níléèwé.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń ṣí géètì ní àwọn ẹ́sítéètì Lekki là ń tún ṣe. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mọ́tò iná wà, àti bọ́ọ̀dù kékeré tó ń pàṣẹ fún un pé kó yára, kó rọra, kó dúró. Ọ̀gá mi, Àǹtí Ṣadé, fún mi ní mọ́tò ńlá kan tó lè yí ẹ̀rọ yín, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù wa mọ àṣẹ pa ni, kò lè gbé iná tí mọ́tò náà ń jẹ. Mo wá ra bọ́ọ̀dù alágbára kan, mo so ó mọ́ ọn láti ìta: kékeré á pàṣẹ, alágbára á gbé iná. Àǹtí ní bí mo bá jó o, ó di ìgbà tí ẹrù mìíràn bá dé sí pọ́ọ̀tù kí n tó rí òmíràn rà.

Ẹ kì í da àgbàdo sẹ́nu ẹ̀rọ kó tó yí lófìfo. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe. Mi ò fún un níná tààrà. Mo fi gílóòbù sáàárín kí iná gba inú rẹ̀ kọjá, pé bí àṣìṣe bá wà, òun ló máa gba iná náà tí yóò mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù ò ní jó. Bí mo ṣe tan án, gílóòbù mọ́lẹ̀ rekete, mọ́tò ò mira. Ẹ̀rù bà mí. Àṣé mo ti so gbogbo wáyà àṣẹ, mo wá gbàgbé wáyà ilẹ̀ tó yẹ kó so bọ́ọ̀dù méjèèjì pọ̀. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo rán ọmọ níṣẹ́, mi ò jẹ́ kó mọ ẹni tó rán an. Ọpẹ́lọpẹ́ gílóòbù ni kò jẹ́ kó jó.

Mo so ó, mo tún un tàn. Gílóòbù ṣẹ́jú, ó rọlẹ̀. Mọ́tò yí jẹ́jẹ́. Mo jó débi pé oníkẹ̀kẹ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Mò ń gbé e bọ̀ wá sílé fún Iléyá. Sólà tí Bùọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi, fi ń gba iná oòrùn ni yóò máa fún un níná. Kò sí irin yíyí mọ́, bọ́tìnì kan ṣoṣo ni, apá òsì ni mo sì fi sí, kó lè bọ́ sí ọwọ́ yín tó gbádùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ náà jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíátù