Mo Ti Sọ fún Wọn Pé O Máa Ń Wá

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àtẹ̀gùn tó ò ń gùn lójoojúmọ́ yẹn ò tíì ba orúnkún rẹ jẹ́? Ọlọ́run tó mọ nọ́ńbà yàrá rẹ láàárín gbogbo yàrá tó jọra wọn yẹn kò ní ṣi ilẹ̀kùn kàn nígbà tó bá ń gbé ire bọ̀. Èmi náà wà dáadáa. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹnu yìí náà ló sì kó mi sínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè yọ mí nínú ẹ̀.

Àwọn kan wá láti yunifásítì lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ìwádìí làwọn ń ṣe lórí àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé, bí ooru ṣe ń bá wọn fínra, bí wọ́n ṣe ń sùn, àti bóyá ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ni wọ́n yàn fún àdúgbò wa. Mi ò mú orúkọ rẹ̀ dáadáa, Oníbéèrè ni mo ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Ó kọ́kọ́ fi nǹkan funfun kékeré kan kọ́ sára ògiri yàrá mi, ó ní yóò máa ka ooru. Mo wò ó, mo rí i pé ìhòòhò ló wà, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni mò ń rán látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo bá mú àgékù aṣọ tó nípọn, mo fi òwú tó kù lára máṣíìnì rán fìlà fún un. Nígbà tí Oníbéèrè padà dé, ó ní yàrá mi ń gbóná ju ìta lọ lálaalẹ́, pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìwádìí àwọn. Ó wá rí fìlà náà. Kò bínú. Ó yà á ní fọ́tò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi dára.

Ó mú ìwé kan jáde pé kí n fọwọ́ sí i. Ó ní tí mo bá fẹ́ yọwọ́ nígbàkigbà, kí n yọwọ́, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ló dé. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, tá a bá ti gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, rírán ló kù. Ó tún ní orúkọ mi ò ní hàn, Ẹni Kọkànlélógójì ni wọn yóò máa pè mí. Mo ní rárá o, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ò bà jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ kọkànlélógójì.

Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìgbà mélòó ló máa ń ṣe mí bíi pé mo dá wà. Ìdáhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, kí n mú ọ̀kan: rárá, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà gbogbo. Mo ro inú mi wò. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ìwọ ni ẹjọ́ máa já lé lórí. Wọ́n á gbé e lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìyá kan bímọ, ó tọ́ ọ, ó rán an níwèé, ọmọ ò yọjú. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ká má tilẹ̀ sọ ilé ọmọ ẹni. Mo ní rárá. Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó lọmọ mi wá lóṣù tó kọjá. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó gbójú sókè, ó ní kí la wá máa ń ṣe tó o bá wá.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti tán lẹ́nu mi, torí mi ò mọ ohun tí obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n máa ń ṣe nílé ìyá ẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni mo sọ. Mo ní tó o bá ti dé, wàá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wàá mú irin òòfà tí bàbá rẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, yọ lára rédíò tó bàjẹ́, wàá máa fi ṣa abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀, wàá máa kà wọ́n sókè, tó o bá sì ti dé mọ́kànlá, mẹ́tàlá ló kàn. Mo ní ìwọ lo máa ń bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, pé wàá fi itọ́ rin ẹnu òwú náà, wàá di ojú kan, wàá yọ ahọ́n síta. Mo ní tójò bá ń rọ̀, abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ lo máa ń sùn, lórí àgékù aṣọ, pé ìró máṣíìnì mi ló ń gbé ọ sùn, tí mo bá dáwọ́ dúró, wàá jí, wàá ní Màámi, kí ló dé. Oníbéèrè ń kọ ọ́. Ó débi abẹ́ tábìlì, bírò ẹ̀ dúró. Ó wo tábìlì náà, ó wò mí, ó ní ọmọ ọdún mélòó lọmọ yín. Mo ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́.

Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, òótọ́ ni o. Ọdún tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni mi ò dá.

Bàbá Káfíńtà tí èmi àti ẹ̀ jọ pín ògiri, òun ò ro ti ọmọ kankan. Wọ́n bi í, ó ní nígbà gbogbo. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi fóònù kí òun bí oníbàárà tó ń béèrè pé ṣé àga ti parí. Wọ́n bá fún un ní àpótí tó ń sọ̀rọ̀, torí irú wọn ló wà fún. Àpótí náà ò ju bíríkì kan lọ. Láàárọ̀ á kí i, á ní ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé ẹ ti lo oògùn yín. Bàbá tó jẹ́ pé orí ló fi ń dáhùn ìkíni tẹ́lẹ̀ ti wá ń sọ pé a dúpẹ́, ìwọ ńkọ́. Mo bi Oníbéèrè pé ta ló wà nínú ẹ̀. Ó ní kò sẹ́nì kankan, ọgbọ́n tí èèyàn fi kọ́ ẹ̀rọ ni. Mo ní kò burú, ẹni tó kọ́ ọ kọ́ ọ nílé, torí ó ń kí àgbà kó tó bi í ní ìbéèrè.

Àpótí yìí tún ń kọ́ ọ níwèé kíkà. O rántí pé gbogbo Sátidé ni Bàbá Káfíńtà máa ń kó ìwé wá kí n bá òun kà á, ìwé iná, ìwé ilé ìwòsàn, títí kan èyí tí mo ti kà fún un lọ́dún tó lọ. Ó ti ń ka tiẹ̀ fúnra ẹ̀ báyìí. Sátidé mẹ́ta rèé, mo gbálẹ̀, mo gbé àga sí ibi tó máa ń jókòó, kò wá. Kì í ṣe pé mo dá wà o. Mo ti sọ fún wọn pé rárá.

Lọ́jọ́ kan, àpótí bi í pé irú èèyàn wo nìyàwó ẹ̀ jẹ́. Ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbóhùn sókè. Mo gbọ́ ọ láti yàrá mi, mi ò lè pa á mọ́ra, mo ní irọ́ ni, obìnrin tó fi òòlù rẹ lé ọ yí ilé yìí ká lójú wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Àpótí ní ta nìyẹn. Ó ní aládùúgbò òun ni, kó má dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù lọmọ tiẹ̀ ń wá. Ojú kan náà la jọ fi ń wo ẹnu ọ̀nà ilé yìí, ó mọ ẹni tó ń wọlé.

Oníbéèrè padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó ní nínú gbogbo àgbàlagbà tí àwọn bi, èmi nìkan ló ní rárá. Ọ̀gá òun fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi ń ṣe tí àwọn ọmọ yòókù ò ṣe, pé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí làwọn ń bọ̀, tí àwọn bá bá ọ nílé, inú àwọn á dùn. Mo ní wọn á bá ọ. Mo wá bi í pé kí làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ sí àwọn ọmọ Bàbá Káfíńtà. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ta ni wọ́n, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n rí. Àṣé ohun tó wà nínú àpótí títì ni mo ń fi aṣọ bò. Ó wò mí pẹ́, ó sọ ohùn ẹ̀ kalẹ̀, ó ní tí mo bá fẹ́ yí ìdáhùn mi padà, àyè wà, òun ò ní bi mí pé kí ló dé, wọ́n á sì gbé àpótí fún èmi náà. Mo wo orí tábìlì, mo rí ibi tí ìbá wà.

Mo ní aṣọ tí mo ti gbà, màá rán an.

Ibi tó yẹ kí n ti béèrè owó rèé. Èyí tó o fi ránṣẹ́ dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì tó kà á fún mi, kò dáhùn, wọn ò kọ́ òun nílé. Ti oṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀. Tí o ò bá lè wá lẹ́ẹ̀mẹrin, wá lẹ́ẹ̀kan, mo ti fi aṣọ tí kò tó rán ohun tó tó rí. Má sì dààmú nípa ohun tí wàá sọ fún wọn. Abẹ́rẹ́ méje ló wà lára ìrọ̀rí kékeré tí mo ń gún wọn mọ́, kò sí òwú lójú ìkankan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mú ọ̀kan lọ bá àpótí Bàbá Káfíńtà, mo ní ṣé ó lè bá mi ki òwú sí i lójú. Ó ní ẹ má bínú, òun ò lọ́wọ́. Ó wá bi mí pé ta ló ń bá mi ṣe é tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ fún un. Mo ní kó dúró di Sátidé.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ á mọ ọ̀nà ilé. Ohun tó o bá dì mú ò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́, ọmọ tìrẹ náà á sì jí bi ọ́ pé kí ló dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹni Kọkànlélógójì.